Ọmọ Ló Bí Ìyá: Bí Ọkọ̀ Ìdíje Ṣe Ń Di Ọkọ̀ Títì



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì, tí òun náà ti di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ báyìí, fi àwòrán ọkọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Porsche 911 GT1 ni. Ọkọ̀ náà pẹlẹbẹ, ó fẹ̀, ó sún mọ́lẹ̀ débi pé adìyẹ kò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyẹ́ ńlá kan wà nídìí rẹ̀ bíi ti ọkọ̀ ìdíje. Síbẹ̀, nọ́ńbà ìlú Jámánì wà lára rẹ̀, ó ní iná tí a fi ń júwe ọ̀tún àti òsì, ó sì ní àga aláwọ méjì nínú. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: "Prof, ọkọ̀ títì ni wọ́n sọ di ọkọ̀ ìdíje ni, àbí ọkọ̀ ìdíje ni wọ́n sọ di ọkọ̀ títì?"

Mo dá a lóhùn pé ọmọ ló bí ìyá. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ síbí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí àgbàlagbà lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ tán lórí fóònù.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé ilé-iṣẹ́ á kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ fún àwa ará ìlú. A ó rà á, a ó fi gbé ọmọ lọ síléèwé, a ó fi lọ òde àríyá. Tó bá yá, àwọn kan á mú irú ọkọ̀ yẹn, wọ́n á yọ àga ẹ̀yìn dànù, wọ́n á tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe kó lè yá sí i, wọ́n á sì gbé e lọ síbi ìdíje. Ọ̀nà tí Peugeot 504 gbà nìyẹn. 504 yìí kan náà tó kún gbogbo gáréèjì wa nígbà kan, tí wọ́n ń tò ní Kaduna, òun ni Ove Andersson wà tó fi gba ipò kìíní ní Safari Rally ní ilẹ̀ Kenya ní 1975. Ẹni tó bá rí i tó ń fò kọjá nínú ẹrẹ̀ lè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, kó ní òun fẹ́ irú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣòfin ìdíje fẹ́ràn irú nǹkan báyìí, nítorí ó ń mú kí eré-ìje jọ ayé tí ènìyàn ń gbé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ní ìdíje Le Mans, tí wọ́n ti ń ṣe ní ilẹ̀ Faransé láti 1923, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré fún wákàtí 24, oríṣi ọkọ̀ méjì ló sábà máa ń wà lójú pápá. Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìdíje nìkan. Prototype ni wọ́n ń pè é, kò sì ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú títì. Èkejì ni GT: ọkọ̀ tó yẹ kó jẹ́ pé irú rẹ̀ wà tí olówó lè rà, kó gba nọ́ńbà fún un, kó sì wà á lọ sílé. Òfin tó de èkíní yàtọ̀ sí òfin tó de èkejì. Nígbà mìíràn òfin máa ń ro GT lójú díẹ̀, nítorí ọkọ̀ ará ìlú ni, kò lágbára tó èkejì. Ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ. Bí o bá lè mú kí prototype rẹ máa jẹ́ orúkọ GT, wàá máa fi agbára ọ̀kan jẹ àánú tí wọ́n ṣe fún èkejì.

Báwo wá ni àjọ ìdíje ṣe máa mọ̀ pé ọkọ̀ tí o gbé wá wà lọ́jà lóòótọ́? Wọn ò lè wọ inú ọkàn rẹ lọ. Wọ́n á ní kí o fi iye tí o ti ṣe hàn, wọ́n á wá kà á, wọ́n á fọwọ́ síwèé. Homologation ni wọ́n ń pe ìfọwọ́sí yìí, gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ ló sì so mọ́ ọn.

Kò bẹ̀rẹ̀ lórí 911 GT1. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ní 1968, àjọ tó ń darí ìdíje ọkọ̀ lágbàáyé ti ní kí ẹ́ńjìnnì prototype má ju lítà 3 lọ, nítorí eré ti ń pọ̀ jù. Wọ́n wá fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó lítà 5, bí ilé-iṣẹ́ bá ti ṣe 50 nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dín 50 kù sí 25. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni kí àwọn ọkọ̀ tó ti wà nílẹ̀, bíi Ford GT40 àti Lola T70, ṣì lè máa bá eré lọ. Kò sẹ́ni tó rò pé ilé-iṣẹ́ kan á láyà débi pé á jókòó ṣe ọkọ̀ ìdíje tuntun 25 lẹ́ẹ̀kan náà.

Ferdinand Piëch rò ó. Ọmọ-ọmọ Ferdinand Porsche ni, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 32 nígbà náà. Ó ní kí àwọn èèyàn òun ṣe Porsche 917: ẹ́ńjìnnì lítà 4.5, sìlíńdà 12, tí afẹ́fẹ́ ń tù, láìlo omi rárá. Nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò dé ní March 1969, ọkọ̀ mẹ́ta péré ló ti parí. Méjìdínlógún wà lórí títò, ẹ̀yà ara méje sì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn. Porsche ní, "Ṣebí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló pé? Bí a bá tò wọ́n tán, a ṣì máa tú wọn ká ká tó lè fi wọ́n díje." Àwọn olùyẹ̀wò kò gbọ́. Wọ́n fẹ́ rí ọkọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pe gbogbo ọwọ́ tó wà nílé-iṣẹ́ náà síṣẹ́, títí kan àwọn akọ̀wé inú ọ́fíìsì àti àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ní April 21, 1969, wọ́n to 917 mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níwájú ilé-iṣẹ́ náà ní Zuffenhausen, ní Stuttgart. Àwòrán ọjọ́ náà ṣì wà títí dòní: ọkọ̀ funfun lọ súà bí ẹyẹ lékeléke. Piëch ní kí olùyẹ̀wò mú èyí tó bá wù ú, kó wà á wò. Wọ́n ní rárá, wọ́n dúpẹ́. Ó dára fún Porsche bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn, kí wọ́n ṣáà lè rìn jáde síta lọ́jọ́ náà ni wọ́n ṣe tò wọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n tú wọn ká, wọ́n sì tún wọn tò bó ṣe yẹ.

Mo mọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹ ò ní bínú sí mi. Lọ́dún kan tí àwọn tó ń wá fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ fẹ́ bẹ ẹ̀ka wa wò, ohun èlò tí ìwé ní ká ní kò pé. Lathe méjì la ní, ọ̀kan nínú wọn ti kú. A lọ yá mẹ́rin ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tí n kò ní dárúkọ. Lọ́rí gbé wọn dé lóru, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá wa tì wọ́n wọlé, èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni mo sì fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà ẹ̀ka wa sí wọn lára. Àwọn àlejò kà wọ́n, wọ́n fọwọ́ síwèé. Kò sẹ́ni tó ní ká tan ọ̀kan wò. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n lọ tán, lọ́rí padà wá kó wọn. Àwọn ọmọ ọdún yẹn, orí pátákó ìkọ̀wé ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo lathe. Nítorí náà, n kò lè fi Piëch ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Òfin ní kí wọ́n ṣe 25. Kò sọ pé kí 25 náà ti mọ̀ ọ́n rìn. Tí 917 bá ti ń sáré dé góńgó, ìdí rẹ̀ á máa fì sọ́tùn-ún sósì, àwọn awakọ̀ Porsche fúnra wọn ń bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà tó sì jẹ́ pé ọkọ̀ títà ló jẹ́ lójú òfin, wọ́n tà á. John Woolfe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi owó ara rẹ̀ díje, ra ọ̀kan. Ní Le Mans ní June 1969, nínú yíyípo àkọ́kọ́ pàá, ọkọ̀ náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì kú. Ìwé ìfọwọ́sí ọkọ̀ yẹn kò ní àléébù kankan.

Bí wọ́n ṣe wo 917 sàn dùn mọ́ mi gan-an, mo sì máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní October 1969, wọ́n gbé e lọ dán wò lórí pápá Österreichring ní ilẹ̀ Austria. John Horsman, ẹlẹ́rọ tó ń bá ẹgbẹ́ John Wyer ṣiṣẹ́, kíyè sí i pé kòkòrò kéékèèké tó kú ti lẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀ náà lọ bẹẹrẹbẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan ní ìdí rẹ̀. Bí kòkòrò kò bá kan ìdí ọkọ̀, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ náà kò kàn án nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ kò bá kàn án, kí ló máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Wọ́n gé páànù, wọ́n fi gbé ìdí ọkọ̀ sókè níbẹ̀ níbẹ̀, ara ọkọ̀ náà sì balẹ̀. Ó gba Le Mans ní 1970, ó tún gbà á ní 1971. Kòkòrò òkú ló ṣe ohun tí ìwé àti òǹtẹ̀ ò lè ṣe.

Ẹ rántí pé títí di ìgbà yìí, kò sí 917 kan tó rìn lójú títì. Ní 1975 ni ọkùnrin olówó kan, Gregorio Rossi, ará ìdílé Martini & Rossi tó ń ṣe ọtí, ní kí Porsche sọ ọ̀kan di ọkọ̀ títì fún òun. Wọ́n fi awọ sí i nínú, wọ́n fi ohun tó ń pa ariwo sí i ní ìdí. Ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà ló gbà láti fún un ní nọ́ńbà, ọkùnrin yìí sì wà á láti Stuttgart dé Paris. Ọkọ̀ kan ṣoṣo, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí òfin ti ka 25.

Ó yá, ká wá sí 1994. Ìgbà tí àwa ń jà fún owó oṣù wa níbí ni wọ́n ń ṣe èyí lọ́hùn-ún.

Porsche ní ọkọ̀ ìdíje kan, 962, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ 956 ti gba Le Mans lọ́dọọdún láti 1982 dé 1987. Prototype gidi ni, kò ṣe é wò lẹ́ẹ̀mejì kéèyàn tó mọ̀. Nígbà tó máa fi di 1994, ọkọ̀ arúgbó ni, òfin tuntun sì ti ń lé irú rẹ̀ kúrò lójú pápá. Jochen Dauer, ará Jámánì tó ti wakọ̀ ìdíje rí, ti mú 962 mélòó kan, ó fi iná àti awọ sí wọn, ó ń tà wọ́n fún àwọn olówó bí ọkọ̀ títì. Norbert Singer, ẹlẹ́rọ Porsche tó mọ ìwé òfin ju àwọn tó kọ ọ́ lọ, rí i. Ó ní: ó dáa, bí Dauer bá ń ta 962 fún ará ìlú, a jẹ́ pé 962 ti di GT nìyẹn.

Òfin ọdún náà gba GT láyè láti gbé epo lítà 120 nínú táǹkì. Prototype kò gbọ́dọ̀ ju lítà 80 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: nínú eré wákàtí 24, ẹni tó ń gbé 120 á máa dúró gba epo lẹ́ẹ̀kan níbi tí ẹni tó ń gbé 80 ti máa dúró lẹ́ẹ̀kan àtààbọ̀. Toyota kan ló ń ṣíwájú títí tó fi ku bíi wákàtí kan àtààbọ̀, kí ohun tó so jíà rẹ̀ pọ̀ tó já. Dauer 962 gba ipò kìíní, èkejì rẹ̀ gba ipò kẹta. Ọkọ̀ tí òfin fẹ́ fẹ̀yìn rẹ̀ tì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, ó gba ife-ẹ̀yẹ, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nǹkan ṣẹlẹ̀ tó yẹ ká yẹ́ sí. McLaren F1, tí Gordon Murray ṣe, tó jáde ní 1992, ọkọ̀ títì ni látòkèdélẹ̀. Àga mẹ́ta ló ní, awakọ̀ jókòó sí àárín, ẹ́ńjìnnì BMW oní-sìlíńdà 12 sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Murray kò ní ìdíje lọ́kàn nígbà tó ń yà á. Àwọn oníbàárà ló bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn fi díje. Ní 1995 ó lọ sí Le Mans, ó sì gba ipò kìíní níwájú àwọn prototype. Ọ̀nà 504 ló gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ á ra odindi ibùdókọ̀ 504. Àwọn ẹgbẹ́ aládàáni ra F1 GTR wọ̀nyí, wọ́n ń fi wọ́n díje káàkiri Yúróòpù. Ẹ fi àwọn èèyàn yìí sọ́kàn.

Porsche wo McLaren, ó wo 911 tirẹ̀. Gbogbo wa la mọ 911: ìdí ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn pátápátá. Ibẹ̀ kọ́ ni ẹ́ńjìnnì yẹ kó wà bí a bá fẹ́ lé McLaren bá. Singer àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá ṣe nǹkan kan tí mo máa ń rẹ́rìn-ín sí títí di òní. Wọ́n mú iwájú 911 tó ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́, irin rẹ̀ gan-an, èyí tí ìjọba ti gbà tẹ́lẹ̀ pé kò léwu lójú títì. Láti ẹ̀yìn awakọ̀ lọ, wọ́n gé e dànù, wọ́n fi páìpù irin ṣe egungun mìíràn, wọ́n wá gbé ìdí tó jọ ti 962 sí i: ẹ́ńjìnnì lítà 3.2 oní-sìlíńdà mẹ́fà, tọ́bò méjì, omi ló ń tù ú, iwájú táyà ẹ̀yìn ló sì wà. Orí 911, ìdí 962. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ á kí i ní 911. Ẹni tó bá lọ sẹ́yìn rẹ̀ á béèrè pé ta nìyí?

Nítorí pé ó gbọ́dọ̀ ní ìkejì tó ń rìn lójú títì, wọ́n ṣe ìkejì náà. Straßenversion ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn ẹ̀dà títì. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ ìdíje ni wọ́n yà sórí ìwé, nǹkan tí eré fẹ́ ni wọ́n wò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n gbé e sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, wọ́n dín agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kù sí agbára ẹṣin 544, wọ́n mú kí sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀, wọ́n fi awọ sí àga. Ó lè sáré tó kìlómítà 310 láàárín wákàtí kan. Nǹkan bí ogún ni wọ́n ṣe, owó ọ̀kan sì tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ owó máàkì Jámánì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọmọ ló bí ìyá. Lórí ìwé, ọkọ̀ títì ni ìyá, òun ni ọkọ̀ ìdíje ti jáde wá. Nínú gáréèjì, ọkọ̀ ìdíje ló kọ́kọ́ wà, òun ló sì wá bí ìyá tó máa jẹ́rìí sí i.

Ní 1996, GT1 méjì gba ipò kejì àti ìkẹta ní Le Mans. Ẹni tó gba ìkíní? Prototype aláìlórí kan tí ẹgbẹ́ Joest gbé wá, tí ẹ́ńjìnnì Porsche sì wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ilé wọn ló nà wọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, GT1 tó ń ṣíwájú gbiná nígbà tí eré fẹ́ parí, ọkọ̀ Joest kan náà sì tún gbà á.

Mercedes ló wá sọ eré di ìjà. Wọ́n fẹ́ wọ ìdíje GT àgbáyé ti 1997, wọn ò sì ní ọkọ̀. Wọ́n ra McLaren F1 GTR kan, wọ́n tú u wò fínnífínní, wọ́n ki ẹ́ńjìnnì tiwọn bọ̀ ọ́ láti fi dán an wò. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n ṣe CLK GTR jáde. Orúkọ CLK yẹn, ọkọ̀ kan tí Mercedes ń tà fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló ni ín. Ohun tí àwọn méjèèjì fi jọra kò ju nǹkan díẹ̀ lọ, bí ojú iná iwájú, àmì ìràwọ̀ àti àwọn aago iwájú awakọ̀. Òfin ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ títì 25. Àjọ ní kò burú, ẹ máa díje ná, ẹ ó ṣe é tó bá yá. Bernd Schneider ti gba ipò kìíní ọdún 1997 tán kí oníbàárà kankan tó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ títì rẹ̀. Láìpẹ́, ìwé Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni ọkọ̀ tó wọ́n jù lọ nínú àwọn tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe tà: ó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là. Ẹni tó san owó yẹn, ẹ̀rí ilé-ẹjọ́ ló rà.

Àwọn tó kù náà kò gbẹ́yìn. Nissan ṣe R390 títì kan, kò bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà kankan. Toyota ló wá ṣe èyí tó gba èmi lọ́kàn jù. Òfin Le Mans ní kí GT ní búùtù tí àpótí ẹrù kan lè wọ̀, nítorí ọkọ̀ títì gbọ́dọ̀ lè gbé ẹrù olówó rẹ̀. GT-One tí Toyota gbé wá ní 1998 kò ní àyè kankan tó ṣófo nínú. Toyota wá sọ fún àwọn olùyẹ̀wò pé táǹkì epo ni búùtù. Wọ́n ní ṣebí nígbà àyẹ̀wò, kò sí epo nínú rẹ̀? Àpótí náà á gba ibẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò gbà!

Mo fẹ́ kí ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Mo jẹ́ ẹlẹ́rọ, mo fẹ́ràn ẹni tó bá ka òfin dáadáa tó sì rí ihò nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí Singer ṣe lára 911 wù mí, nítorí pé nǹkan kan ṣì wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ òótọ́: iwájú 911 ni, o lè gba nọ́ńbà fún un, o lè wà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ táǹkì yìí, mo rò pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti kúrò nílé. Ta ló máa kó aṣọ rẹ̀ sínú táǹkì epo? Àwọn tó sọ ọ́ mọ̀, àwọn tó gbà á mọ̀. Nígbà tí olùyẹ̀wò bá ti gba irú èyí, kò sí ohun tó tún lè kọ̀ mọ́. Toyota títì méjì ni wọ́n ṣe, láti fi hàn pé ó wà.

Ní Le Mans ọdún náà, Toyota ń ṣíwájú títí tó fi ku díẹ̀ kí eré parí, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ bá dákẹ́. Porsche gba ipò kìíní àti ìkejì pẹ̀lú 911 GT1-98. Èyí kò tilẹ̀ ní iwájú 911 mọ́, carbon fibre ni ara rẹ̀ látorí dé ìdí, ọkọ̀ títì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ṣe fún un. Nínú ìdíje àgbáyé tí FIA ń ṣe, eré mẹ́wàá ló wà lọ́dún 1998, Mercedes gba mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Àwọn aládàáni tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ńkọ́? McLaren wọn di ọkọ̀ àtijọ́ láàárín ọdún méjì. Ọkọ̀ tí wọ́n rà lóòótọ́, tó ní àga mẹ́ta àti búùtù tó ń gbé ẹrù, ń sáré lẹ́yìn ọkọ̀ tó ní kí wọ́n pe òun ní ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ni wọ́n máa ṣe? Wọn ò lówó láti yá wèrè bíi ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ọ̀pọ̀ wọn palẹ̀ mọ́. Nígbà tí 1998 parí, àwọn tí Mercedes ń nà náà kó ẹrù wọn, kò ku ẹni tó máa bá a sáré, àjọ sì pa ẹ̀ka GT1 rẹ́. Ní Le Mans 1999, wọ́n dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀ fún irú ọkọ̀ yìí, wọ́n pè é ní prototype, wọn ò sì béèrè ọkọ̀ títì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Toyota gbé GT-One wá síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè búùtù.

Ọkọ̀ tó wà nínú àwòrán tí ọmọ mi fi ránṣẹ́, ọkọ̀ gidi ni o, ìjọba Jámánì gbà á sójú títì. Ní 2017, wọ́n gbá ọ̀kan ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n ta GT1 ìdíje kan ní Monaco, èyí tó sáré gan-an tó sì gba ife. Kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta owó Yúrò. Ẹlẹ́rìí ti wá wọ́n ju ẹni tó jẹ́rìí fún lọ.

Mo fi àlàyé yìí ránṣẹ́ sí i kí n tó gbé e síbí. Ó kà á tán, kò sọ nǹkan kan nípa Porsche. Ó ní, "Prof, àwa la tì wọ́n wọlé lóru yẹn. Ṣé lathe yẹn padà wá mọ́?" Mo ní kò padà wá. Ọmọ ọdún kẹta ni nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ tó gbà á ló kọ́kọ́ jẹ́ kó fọwọ́ kan lathe tó ń yí.